Bẹ́ẹ̀ Ni Tirẹ̀, Rárá Tèmi

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Ọ̀wàrà

Fóònù Olóyẹtí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ yìí. Ramiro ọmọ mi ló fi hàn mí: tẹ ibi pupa, sọ̀rọ̀, òun á máa kọ ọ́. Ta ni yóò kà á? Kì í ṣe èmi. Nọ́ńbà ni mo mọ̀, àti orúkọ ara mi, àti ọ̀rọ̀ méjì: Bẹ́ẹ̀ ni, àti Rárá. Ṣùgbọ́n ilé ti dákẹ́ jù. Àlùfáà ní kí n máa sọ ohun tó wà nínú mi jáde kó má baà jẹrà síbẹ̀. Kò lè jẹrà. Ó ti gbẹ.

Olóyẹtí ni Hermelinda, ìyàwó mi. Èmi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Kì í jáde láìfi yẹtí sétí, ìbáà jẹ́ ọsàn la ń lọ já lóko. Ó kú nígbà tí ọsàn ń tanná. Kídìnrín. Dókítà kò sọ pé omi ló fà á. Èmi náà kò sọ. Wọ́n máa ń ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Tèmi, agbè ló fọ́.

Ìwé ìdìbò dé lónìí. Àpòòwé méjì. Tèmi àti tirẹ̀. Ìjọba Kalifọ́níà kò tíì gbọ́ pé ó ti lọ.

Mo gbé tirẹ̀ síwájú àga rẹ̀, mo gbé tèmi síwájú tèmi. Mo jẹ ẹ̀wà mi.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo ti pinnu. Rárá lórí gbogbo wọn. Ó parí.


Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Ọ̀wàrà

Kí fóònù yìí má rò pé orí mi ti dàrú. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyí.

Kì í ṣe ènìyàn nìkan là ń dìbò fún níbí. Òfin fúnra rẹ̀ máa ń wá bá ni nílé. Wọ́n á pè é ní àbá, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á ní ká sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Olóyẹtí á jókòó, á kà á sókè láti inú ìwé àlàyé tó nípọn bí búrẹ́dì. Ilé ìwé? Òun, bẹ́ẹ̀ ni. Èmi, rárá. Ọkọ̀ ojú irin? Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá. Ó gba ìjọba gbọ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń gba òjò gbọ́. Èmi gba ìjọba gbọ́ bí mo ṣe gba akọ̀wé oko gbọ́, èyí tó máa ń dín àpò ọsàn ẹni kù bó bá ń kà á.

Nígbà kan mo sọ fún un pé: "Ìwọ wò ó, tìrẹ pa tèmi rẹ́, tèmi pa tìrẹ rẹ́. Jẹ́ ká ya ìwé méjèèjì ká jẹun." Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní: "Lọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́."

A á wá rìn lọ síbi àpótí tó wà níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Òun pẹ̀lú yẹtí, èmi pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì. A á ju méjèèjì sínú rẹ̀. Ìlẹ̀mọ́ "Mo ti dìbò" rẹ̀ kún ara fìríìjì. Tèmi, ajá ni mo máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ lórí.

Gbogbo ọdún tí a fi dìbò, ilé yìí kò fi nǹkan kan kún ẹnikẹ́ni, kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Ó bá mi lára mu bẹ́ẹ̀.


Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Ọ̀wàrà

Lẹ́yìn Máàsì, fàráńdà Agogo. Tomasa lorúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀ ló kan tèmi. Bó bá ń sọ̀rọ̀ nídìí iná rẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Gbogbo ìgbà ìdìbò ni àdúgbò wa máa ń jókòó níbẹ̀. Ẹnìkọ̀ọ̀kan á mú àbá kan lọ sílé, á wádìí rẹ̀, á padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì láti tú u palẹ̀ fáwọn tó kù. Olóyẹtí ló dá a sílẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó lè gbé gbogbo àpò ọsàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹnìkan mú àbá owó ilé. Ẹnìkan mú ti ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ń jà lórí ti tẹ́tẹ́ nítorí pé gbogbo wọn ló ń ta á. Ó wá ku Àbá Omi. Kálukú wolẹ̀. Ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ omi, Olóyẹtí ló ni ín.

Agogo rọra sọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé ìdajì abúlé nìkan ló gbọ́. "Bàbá Ramiro, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Èmi á mú un."

Mo ní: "Ta ló sọ fún ọ pé nǹkan ń dùn mí? Gbé e wá."

"Ẹ̀yin? Ìgbà wo lẹ mọ̀wé kà?"

"Mo létí."

Ẹ̀rín sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Mo fi ìwé náà há abíyá, mo wá sílé.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Ọ̀wàrà

Fóònù ń kàwé fún mi. Ohùn obìnrin kan tí kì í mí. Mo ní kó tún un kà. Mo tún ní kó tún un kà. Kò rojọ́ bí Olóyẹtí ṣe máa ń rojọ́.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Oko ńlá tó bá ra ajílẹ̀ á san nǹkan díẹ̀ lé e. Èyí tí wọ́n bá rí kó jọ ni wọ́n á fi fa omi tó dára wọ àwọn abúlé tí ajílẹ̀ ti ba kànga wọn jẹ́. Abúlé bíi Las Norias tiwa yìí. Ọdọọdún ni ìwé ń wá síbí pé ká má mu omi ẹ̀rọ, ká má fún ọmọ ọwọ́, ká má sì sè é, pé sísè ń mú un burú sí i ni. A ń fi í wẹ̀, a ń fi í bomi rin ata. Èyí tí a ń mu, inú gálọ́ọ̀nù la ti ń rà á.

Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ní bó bá wọlé, àwọn oko á hú igi, iṣẹ́ á tán.

Mo gbọ́ tọ̀tún, mo gbọ́ tòsì. Rárá mi kò mì.


Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Ọ̀wàrà

Bàtà Tuntun wá. Ìyẹn Ramiro. Fọ́máànù ni ní oko ọsàn, kì í jẹ́ kí bàtà gbó lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́ kí àwọn tó ń já ọsàn máa gbọ́ ọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ mi kan ṣoṣo ni.

Kò tíì kí mi tán tó fi gbé pátákó jáde látinú ọkọ̀, ó kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọgbà mi. RÁRÁ, mo lè ka ìyẹn. Mo bi í pé ta ló rán an.

"Ọ̀gá ló pín in fún wa, Bàbá. Ọ̀gá ní bí Àbá Omi bá wọlé, òun á hú apá ìlà oòrùn. Ibẹ̀ sì lèmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi wà. Ilé tí mò ń gbé, ti oko ni."

Mo ní: "Ọ̀gá rẹ ti ń hú apá ìlà oòrùn láti ìgbà tí mo ti ní eyín lẹ́nu."

"Bàbá, mi ò ṣeré o. Ẹ̀yin náà, rárá lẹ kúkú máa ń sọ."

"Rárá náà ni màá sọ. Ṣùgbọ́n tèmi ni. Kì í ṣe ti ọ̀gá rẹ."

Ó fẹnu ko ọwọ́ mi bí a ti kọ́ ọ, ó gba ìre, ó lọ. Ojú rẹ̀ jọ ti ìyá rẹ̀ nígbà tí kò bá sùn. Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Ọ̀wàrà

Agogo rí pátákó Ramiro, ó wá kan tirẹ̀ tì í: BẸ́Ẹ̀ NI. Mo fa méjèèjì tu. Igi wọn le, mo fi wọ́n gbé ata mi dúró. Ata kò ṣe ẹgbẹ́ kankan.


Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo dìde ní fàráńdà Agogo, mo sọ Àbá Omi. N kò mú bébà dání. Mo sọ ẹni tó máa san, mo sọ ibi tí ó máa lọ, mo sọ ẹni tó fara mọ́ ọn àti ẹni tó kọ̀ ọ́. N kò fi tèmi kún un. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù táyà tiẹ̀ ṣí fìlà.

Agogo wá bi mí: "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá Ramiro? Kí lẹ máa sọ?"

"Rárá."

Ariwo ta. Mo jẹ́ kó lọ sílẹ̀. Mo ní ṣé wọ́n ti gbàgbé àbá omi tí a dìbò fún nígbà kan ni? Òun náà wọlé. Wọ́n gbé páìpù búlúù wá, wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n rì í títí dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí oko, wọ́n bá kó irin iṣẹ́ wọn, wọ́n lọ. Imú páìpù yẹn ṣì yọ níbẹ̀ dòní. Ife omi kan kò dé ibí. Olóyẹtí máa ń lọ wò ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí ẹni lọ kí aláìsàn. Ó ní wọ́n ń bọ̀ wá parí ẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ẹni tó padà wá hàn mí.

Mo ti ń wo ilé bọ̀ bí akọni. Ìgbà yẹn ni Agogo pè mí lẹ́yìn: "Ó dáa, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀! Ẹ ti ń sọ ọ́ tipẹ́, kò pa wá lára, Hermelinda wà níbẹ̀ tó ń pa á rẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ta ló máa pa tiyín rẹ́?"

Mo ti ilẹ̀kùn.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo la igi ìdáná títí apá fi ń ro mí. Ẹnu Agogo ṣì wà létí mi.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Ọ̀wàrà

Àpòòwé Olóyẹtí ṣì wà níwájú àga rẹ̀. Mo máa ń nu eruku orí rẹ̀.

Mo mọ ìfọwọ́sí rẹ̀ dunjú. Òun ló kọ́ mi ní tèmi. Ó di ọwọ́ mi mú lórí bébà kí a tó lọ búra di ọmọ ilẹ̀ yìí, nítorí náà ìkọ̀wé mi, ọmọ ìkọ̀wé rẹ̀ ni. Bí mo bá kun Bẹ́ẹ̀ ni fún un, tí mo fọwọ́ sí i, ta ló máa mọ̀? Ilé á dọ́gba. Èmi á sọ Rárá mi, ọkàn mi á balẹ̀.

Mo mú báírò. Mo gbé e sílẹ̀.

Ọjọ́ tí a búra, ó sunkún débi pé àwọn tó jókòó tì wá fún un ní áńkáṣíìfù. N kò ní sọ ọ́ di olè nínú ibojì.

Agogo ní kí n kọ "ó ti kú" sára àpòòwé kí n dá a padà fún ìjọba. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. N kò sì ní kọ́ ọ.


Ọjọ́rú, 28 Oṣù Ọ̀wàrà

Òdòdó ti ń dé ọjà. Ọjọ́ àwọn òkú, tí àwọn òkú wa máa ń padà wá kí wa nílé, kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ pé òun là ń retí.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Oṣù Ọ̀wàrà

Èmi nìkan ni mo to tábìlì rẹ̀. Aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ òdòdó sí. Àbẹ́là. Òdòdó aláwọ̀ ọsàn, mo já ewé rẹ̀ dà sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kó má baà ṣìnà. Búrẹ́dì òkú. Kọfí tó fẹ́ràn, tí a fi èèpo igi olóòórùn dídùn sè, ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù bó ṣe máa ń pọ̀ jù. Àwòrán rẹ̀. Yẹtí rẹ̀ níwájú àwòrán. Ohun tí òkú fẹ́ràn là ń gbé síbẹ̀, nítorí náà mo gbé àpòòwé ìdìbò rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú, mo fi báírò tì í. N kò kun nǹkan kan. Bó bá dé, òun fúnra rẹ̀ á kun ún.

Ó ku omi. Ọ̀nà wọn jìn, òùngbẹ máa ń gbẹ wọ́n kí wọ́n tó dé, ife omi kò gbọdọ̀ má sí lórí tábìlì. Mo mú ife. Mo ṣí ẹ̀rọ. Mo bu omi. Mo gbé e síwájú rẹ̀, mo tan àbẹ́là, mo jókòó.

Mo wo ife yẹn. Ó mọ́ gaara. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Nígbà tó bá ń to tábìlì fún ìyá rẹ̀, kì í bu omi ẹ̀rọ. Omi gálọ́ọ̀nù ni. Mo máa ń bú u. Mo ní: "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé inú ń run òkú ni?" Ó ní: "Ìyá mi ni." Omi tí kò jẹ́ kó kan ètè ìyá rẹ̀, tí kò jẹ́ kí Ramiro mu láti kékeré, òun ni mo bù fún un pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Mo dà á nù sídìí ata. Mo lọ síbi gálọ́ọ̀nù. Òfo. Mo ti fi èyí tó kù se kọfí.

Mo mú ife náà, mo kan ilẹ̀kùn Agogo. Mo ní: "Tomasa, jọ̀ọ́, fún mi ní omi. Fún Hermelinda ni." Ó wo ife, ó wo ojú mi. Ọlọ́run ṣeun, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó bù ú kún. Mo ń gbé e bọ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

Mo ti di arúgbó, mo ń tọrọ omi kiri ilé onílé fún òkú. Òkú tó jẹ́ pé lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ni sí omi. Èmi sì ni mò ń pa á rẹ́.

Rárá mi dára. N kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń sọ ọ́ nítorí pé ẹnìkan jókòó ní òdìkejì tábìlì tó ń sọ Bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá yọ tirẹ̀ kúrò, ohùn ọ̀gá Ramiro ló kù lẹ́nu mi.

Mo ti pinnu. Bẹ́ẹ̀ ni lórí Àbá Omi. N kò gba ìjọba gbọ́ síbẹ̀ o. Bí wọ́n bá tún já páìpù sílẹ̀ lọ́nà, èmi ni màá máa lọ wò ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àwọn àbá tó kù, Rárá.


Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Bélú

Mo kun ún. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn wọ bàtà ẹlòmíì, tó sì rí i pé ó bá òun mu.


Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Bélú

Ramiro wá kí ìyá rẹ̀. Ó gbé tamal, àgbàdo lílọ̀ tí a pọ́n bí ẹ̀kọ, wá, ó gbé e sórí tábìlì, ó ṣe àmì àgbélébùú. Ló bá rí àpòòwé.

"Bàbá! Ẹ fẹ́ kí wọ́n tì yín mọ́lé ni?"

"Kò lọ sí ibì kankan. Ohun tó fẹ́ràn ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fọwọ́ kan yẹtí. Ó bi mí bóyá mo ti dìbò tèmi. Mo ní mo ti kun ún, ó wà nínú àpòòwé, ọ̀la ni màá lọ jù ú sí àpótí. Ó ní ó dáa, Rárá kan ti wọlé nìyẹn. Mo ní Bẹ́ẹ̀ ni ni. Ó rò pé mo ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó wojú mi, ó rí i pé n kò ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Nítorí Màmá?"

"Nítorí omi."

Ó ní mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí òun. Mo bi í pé omi wo ni ọmọ rẹ̀ ń mu nílé. Ó yíjú sí ife orí tábìlì. Mo tún bi í.

"Ti gálọ́ọ̀nù," ó wí. "Bàbá, bí wọ́n bá lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí ni màá fi ra gálọ́ọ̀nù ọ̀hún?"

Òótọ́ ló sọ. N kò lè pe òótọ́ ní irọ́ torí pé ó lòdì sí mi. Mo ní: "Ìdí rẹ dára. Tèmi náà dára. Dìbò tìrẹ."

Ó jáde. Kò fẹnu ko ọwọ́ mi. Láti kékeré rẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ti pinnu. N kò yí i padà. Mo kàn ń sọ ọ́ fún fóònù ni pé kò fẹnu ko ọwọ́ mi.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Bélú

Mo wẹ̀. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí Olóyẹtí lọ̀ kẹ́yìn, mi ò tíì wọ̀ ọ́ láti ìgbà náà. Mo fi àpòòwé sápò. Mo ti fẹ́ máa rìn lọ nígbà tí mo gbọ́ ọkọ̀ Ramiro.

Kò sọ̀kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo dúró. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó mú àpòòwé tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti lẹ̀ ẹ́ pa. N kò bi í ní ohun tó wà nínú rẹ̀, ọmọ mi kì í purọ́, ó sì ní ọmọ láti bọ́.

Ó ní: "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ."

Mo ní ẹsẹ̀ mi kò dá.

Ó fara ti ọkọ̀, ó ń yí àpòòwé lọ́wọ́. Ó ní: "Ẹ wò ó o. Tiyín máa pa tèmi rẹ́, tèmi máa pa tiyín rẹ́. Kí la fẹ́ lọ ṣe? Ẹ jẹ́ ká kúkú jókòó ká jẹ tamal Màmá, ká dá epo ọkọ̀ sí."

Mo bú sẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ọsàn ti tanná. Ó yà á lẹ́nu, ó tiẹ̀ fẹ́ bà á lẹ́rù.

Olóyẹtí mọ̀. Ní gbogbo ọdún yẹn, ó mọ̀ kó tó kúrò nílé pé èmi tí mò ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí ni màá pa á rẹ́ kó tó padà sílé. Ó mọ̀, ó sì jókòó síwájú dígí, ó fi yẹtí sétí.

Mo wo ọmọ mi. Aṣọ oko ló wà lọ́rùn rẹ̀, eruku ọsàn kún èjìká. Mo ní aṣọ mi kan wà nínú yàrá, lórí ìṣó, a jọ ń wọ ìwọ̀n kan náà.

Mo ní: "Lọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́."